Omi Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Dà Nù

Fóòmù ló mú wọn pàdé. Ọmọbìnrin kan ló ń gé fóòmù tà, èérún rẹ̀ kì í sì í tán nínú irun rẹ̀, àfi bí ẹni tí ewú sáré dé bá lọ́nà. Onífóòmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ṣe awò ojú, tí wọ́n ń pè ní Onídígí, yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé òun ń wá fóòmù tí òun máa tẹ́ sínú àpótí, kí ọjà òun má baà fọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń la ojú aráyé," Onífóòmù ní, "ẹ ò rí i pé orí gọ́ọ̀mù tútù lẹ jókòó lé?"

Onídígí fẹ́ dìde, ṣòkòtò rẹ̀ kọ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Nígbà tó yá, Onídígí mú un lọ han ìyá rẹ̀.

Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé ìyá náà, tí iná mànàmáná ń mú omi rẹ̀ gbóná nítorí orúnkún tó ń ro ó. Onífóòmù ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Ẹ̀yin Mà, omi yín mà lọ́ wọ́ọ́rọ́ o!"

Ìyá wo èérún tó wà lórí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí. "Yọ edídí ọpọ́n yẹn. Da omi náà nù. Èmi àti agékù fóòmù ò ní wẹ omi kan náà."

Onídígí wo ìyá rẹ̀, ó wo olólùfẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ edídí.

Lọ́jọ́ kejì ó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Àyànfẹ́ mi, má bínú. Omi ló dànù, akèrègbè ò fọ́."

"Èmi ni akèrègbè náà. Ẹ wá ṣa àfọ́kù." Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.

Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Onífóòmù gbé ìbínú rẹ̀ sórí ààrò bí ẹni yan ẹja: kò bàjẹ́, ṣe ló ń gbẹ, tó ń dùn sí i.

Òtútù dé. Ọmọrí ọpọ́n ìyá yìí, tí fóòmù wà nínú rẹ̀, ti sán, ó ti mu omi yó. Ìhà ọpọ́n wà níhòòhò, ooru ń sá lọ, iná ń jó lásán, orúnkún ń ké. Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n pè ló sọ pé Onífóòmù nìkan ló lè ṣe é.

Ni Onídígí bá ru ọmọrí náà sórí, nítorí kò sí ọlọ́kọ̀ tó gbà á. Omi ń ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, gbogbo òpópónà ń wò ó.

"Ẹ káàbọ̀, oníbàárà mi." Ẹ̀pà ni Onífóòmù ń jẹ. "Ẹ má tíì sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó bó ẹ̀pà, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó tún mú òmíràn. Ọrùn ọkùnrin ń gbọ̀n.

"Kí ni ìyá yín wí?"

"Ó ní kí o ṣàánú orúnkún òun."

"Màá fi fóòmù líle ṣe ọmọrí, màá fi ọ̀rá wé e kí omi má wọ̀ ọ́. Màá wé ìhà ọpọ́n náà yípo. Ṣùgbọ́n asán ni, bí ẹ bá ṣì ń da omi gbígbóná nù. Àbí èmi nìkan lẹ dà á fún?"

Onídígí sorí kọ́. "Àlejò yòówù tó bá ti fọwọ́ kàn án ni. Ìyàwó bùrọ̀dá mi, aládùúgbò..."

"Ẹ ò rí i? Gọ́tà lẹ ń fi iná se omi fún! Àdéhùn mi nìyí: tí mo bá parí, èmi ni màá kọ́kọ́ wọ omi náà. Ìyá yín á wọ̀ ọ́ lẹ́yìn mi. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dà á."

Ìyá àti ọmọ gbà. Bí Onífóòmù ti ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ ní kó fi àlàfo sílẹ̀ kí ooru máa jò. Ó kọ̀. Bí omi bá tutù, ìyá á rí àwáwí. Ó wé ọpọ́n náà bí ìyá ọmọ tuntun ṣe ń wé ọmọ, ọmọrí sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbín mọ́ igi.

Ọjọ́ pé. Tòun taṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Onífóòmù wọ inú omi, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Èérún fóòmù léfòó.

Ìyá ò lè mú un mọ́ra. "Ìwọ ọmọ yìí, yọ edídí yẹn!"

Onídígí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àyà Onífóòmù já: ó tún fẹ́ ṣe é! Ṣùgbọ́n bàtà ni ọkùnrin náà ń bọ́. Tòun ti ṣòkòtò ló wọ inú ọpọ́n, ó sì jókòó lé edídí gbàgà.

"Dìde ńbẹ̀!"

"Mi ò lè dìde, Màmá. Gọ́ọ̀mù ti mú mi. Ìyàwó mi nìyí. Ẹ wọlé kí omi tó tutù."

Onífóòmù wò ó. "Ìwọ ọkùnrin yìí," ló wí jẹ́jẹ́, "ó pẹ́ jù kí o tó jókòó."

Ìyá dúró, ó dúró, títí orúnkún fi borí ìgbéraga. Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ó ki èkejì. Ó jókòó.

"Ẹ kú ìwẹ̀ o, Màmá," ni Onífóòmù wí. Ó fa èérún kan yọ nínú irun rẹ̀, ó fẹ́ ẹ fúú, ó sì wò ó bó ti ń léfòó lọ, títí ó fi kan ìyá ọkọ rẹ̀ ní àgbọ̀n.

Ìyá wo èérún náà. Ó na orúnkún rẹ̀. Omi ṣì gbóná.