Ọkọ̀ Ni Wọ́n Ní, Wọn Ò Dárúkọ Igbá

Lọ́jọ́ tí akódà gbé agogo dé Ọjà Ọba l'Ádó, ìsọ̀ ẹja gbígbẹ ni Monínúọlá wà. Ará Ìjàn ni, ọjọ́ ọjà nìkan ló máa ń wá sí Adó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ẹja, ó sì ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n ti ta ẹja jíjẹrà fún un rí lọ́jà yẹn, kò sì tí ì gbàgbé.

Akódà lu agogo rẹ̀ títí ọjà fi dákẹ́.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Adó àti agbègbè rẹ̀! Lọ́jọ́ Ẹ́mpáyà tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ àjọ̀dún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ òfuurufú yóò wá dárà fún wa lójú odò Ògbèsè, lọ́nà Ìjàn. Yóò fò wálẹ̀ gan-an. Yóò máa ju àpò ẹfun sínú omi. Etí odò ni kí ẹ dúró sí kí ẹ máa wò ó. Ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ wọ odò láti àárọ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ agogo mi lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá rú òfin, kọ́ọ̀tù!"

Ó yí padà, ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọjà.

"Ọkọ̀ wo ló ń wọ odò?" Àríyọ̀ aláṣọ ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti ìsọ̀ kejì. "Ṣé lọ́rì ti di ẹja ni?"

Ni gbogbo ọjà bá bú sẹ́rìn-ín. Monínúọlá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó sáré tẹ̀ lé akódà láti bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ pè ní ọkọ̀?" Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí èèyàn.

Ká ní Kúdírát tó ni ìsọ̀ ẹja náà wà níbẹ̀ ni, bóyá ì bá bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ará Ẹ̀pẹ́ ni, ó ti pẹ́ tó ti ń gbé l'Ádó, Ìyá Mùlíkàt ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ó ti lọ kó ẹja. Mùlíkàt, ọmọ rẹ̀, ló jókòó ti ìsọ̀, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Monínúọlá délé, ó ròyìn fún Ọlátúbọ̀sún ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ Ọlátúbọ̀sún ni kó máa fi igbá gbé èèyàn sọdá odò. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì rí i rí, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: igbá ńlá méjì ni wọ́n dé lé ara wọn, tí wọ́n fi oje igi lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí omi má baà wọlé. Èrò á fi àyà lé igbá náà. Ẹni tó ń gbé e á wà nínú omi ní ìhà kejì, wọn á di ara wọn lápá mú lórí igbá, onítọ̀hún á sì máa fi ẹsẹ̀ wẹ̀ títí wọn ó fi gúnlẹ̀. Apá tí wọ́n dì mú yẹn ni gbogbo ẹ̀mí èrò wà lé lórí. Ọlátúbọ̀sún kò tí ì sọ ẹnikẹ́ni nù sínú omi rí.

"Ọkọ̀ ni wọ́n ní kó má wọ odò?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Ọkọ̀ ni. N ò gbọ́ ugbá létí mi."

"Ugbá temi é ní táyà," Ọlátúbọ̀sún wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ àwọn onílọ́rì nùun. Mà á lọ gbé Yèyé wá kó wá wòran."

Yèyé ni ìyá Monínúọlá. Oko tó wà lódìkejì odò ló ń gbé. Látìgbà tó ti gbọ́ pé irin kan ń fò lókè, kò sinmi. Ó ní òun kò ní kú láìfojú òun rí i. Afárá tuntun wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí oko rẹ̀, orúnkún Yèyé kò sì gbé e débẹ̀. Inú Monínúọlá dùn sí ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ. Òun gan-an ló ranṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó máa múra.

Lọ́jọ́ Ẹ́mpáyà, èrò pọ̀ lójú ọ̀nà Ìjàn bí ẹni ń lọ sí ìpàdé àgọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé wọ aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin. Akódà dúró lẹ́nu afárá, ó ń dá àwọn lọ́rì dúró nítorí èrò tó dí ọ̀nà.

"O ò rí i?" Ọlátúbọ̀sún fi ìgbọ̀nwọ́ gún ìyàwó rẹ̀. "Ṣé n ò sọ fún ẹ? Lọ́rì ni wọ́n ń dá dúró."

Wọ́n gba etí odò lọ sí ibi tí odò ti yí kọ́rọ́, tí akódà kò ti lè rí wọn. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ lọ́dún náà, omi ti pupa, ó sì ń yára. Ọlátúbọ̀sún bọ́ dàńṣíkí rẹ̀ fún Monínúọlá, ó gbé igbá rẹ̀ sómi, ó wẹ̀ lọ sódìkejì. Monínúọlá ń wò ó. Ó rí ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ti fi gèlè gbàdí, tó ń juwọ́ sí i bí ọmọdé.

Ẹnì kan tọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn. Kúdírát ni, ó ti dé láti ibi tó ti lọ kó ẹja, Mùlíkàt sì ti sọ ìkéde náà fún un, ó ń wá ibi tí èrò kò ti ní tì í.

"Monínúọlá, ẹ kú ìrìn. Ta ni ń bẹ lójú omi yẹn?"

"Ìyá Mùlíkàt, ẹ káàbọ̀. Bàbá ọmọ mi ni. Ó lọ gbé Yèyé wá."

Ojú Kúdírát yí padà. "Lónìí? Ṣé wọn ò kéde fún yín ni?"

"Wọ́n kéde. Ọkọ̀ ni wọ́n ní kó má wọ odò. Igbá ni tiwa."

"Yéè!" Kúdírát di orí mú. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Níbi tiwa létí ọ̀sà, ohun tó bá ti gbé èèyàn lójú omi, ọkọ̀ là ń pè é. Akọ̀wé ìjọba tó kọ ìkéde yẹn fún akódà, ọmọ etí ọ̀sà bíi tèmi ni. Kì í ṣe lọ́rì ló ń sọ! Ohun tí ọkọ rẹ fi ń sọdá yẹn gan-an ló ń sọ!"

Monínúọlá yíjú sí odò.

"Ọkọ̀ òfuurufú kan wá sí ọ̀sà wa rí," Kúdírát ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́kọ̀ kúrò lójú omi. Apẹja kan ní òun ò kúrò. Afẹ́fẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà nìkan ló dojú ọkọ̀ apẹja náà dé. Ìṣojú mi ló ṣe. A ò rí i títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Ṣé ẹni tó ń wà á ò ní rí wọn ni?"

"Báwo ló ṣe fẹ́ rí wọn? Wọ́n ti sọ fún un pé kò séèyàn lójú omi. Orí èèyàn méjì láàrin omi pípọ́n yìí, bí ewé ló máa rí láti òkè. Pè é! Ní kó dúró sọ́hùn-ún!"

Ṣùgbọ́n Ọlátúbọ̀sún ti gbéra. Yèyé ti fi àyà lé igbá, àwọn méjèèjì ti di ara wọn lápá mú, omi sì ti gbà wọ́n. Monínúọlá sáré dé etí omi gan-an.

"Padà! Ẹ padà o! Bàbá ọmọ mi, ẹ padà!"

Orin àwọn ọmọ ilé ìwé bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún kígbe. Ọlátúbọ̀sún gbọ́ nǹkan kan, kò mọ ohun tó jẹ́, ó yíjú padà láti béèrè, ó sì dẹ́kun wíwẹ̀. Àárín odò ló dúró sí.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dà bí ariwo oyin láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ó ń dún nínú àyà èèyàn. Àwọn èrò tó wà lẹ́nu afárá hó yèè. Ọkọ̀ òfuurufú náà kọjá lókè téńté, oòrùn ń kọ mànà lára rẹ̀, Yèyé sì gbójú sókè lórí igbá, ó ń rẹ́rìn-ín. Monínúọlá rí eyín ìyá rẹ̀ láti etí odò. Ó rò pé ó ti tán.

"Kò tí ì tán," Kúdírát wí. "Ó ń yí padà bọ̀."

Nígbà tó padà, ojú odò ló gbà, ó lọ sílẹ̀ débi pé ewé igi ń fò. Ariwo rẹ̀ kọjá ohun tí etí lè gbà. Ẹ̀rù ba Yèyé, arúgbó tí kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe: ó fi apá ọkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

Igbá yí. Yèyé rì.

Ọlátúbọ̀sún rì tẹ̀ lé e. Igbá nìkan ló kù lójú omi. Àpò ẹfun sì bọ́ láti òkè, ó bà á, igbá náà fọ́ yángá, gbogbo ibẹ̀ sì di funfun.

Monínúọlá fẹ́ bẹ́ sómi. Kò mọ omi í wẹ̀. Kúdírát gbá a ní ìbàdí mú, ó fi gbogbo ara rẹ̀ dì í mọ́lẹ̀. "Ìwọ náà fẹ́ kú? Tú ìró rẹ! Tú u, kí o so ó mọ́ tèmi!" Monínúọlá tú u. Kúdírát ló so ó. Monínúọlá ń wo omi funfun náà, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pe ọkọ rẹ̀.

Nísàlẹ̀ odò, lábẹ́ igi kan tó tẹ̀ sómi, orí kan yọ. Èkejì yọ tẹ̀ lé e. Ọlátúbọ̀sún fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò igi mú, ó fi eyín di aṣọ Yèyé mú. Ọwọ́ kejì ń rọ̀ dirodiro, torí àfọ́kù igbá náà ti gé e léjìká jinlẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì sáré lọ, wọ́n ju ìró sí i, wọ́n fà wọ́n jáde bí wọ́n ti ń fa àwọ̀n tó wúwo.

Yèyé kò mí. Kúdírát dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ó tẹ̀ ẹ́ títí Monínúọlá fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún òkú. Ìgbà náà ni omi tú lẹ́nu arúgbó náà, ó wúkọ́, ó sì lajú.

Wọ́n gbé e délé. Ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò tó wá kí i bi í pé, "Yèyé, ṣé ẹ wá rí ọkọ̀ òfuurufú náà?"

"Mo rí i," ni Yèyé wí. "Ẹ má jẹ́ kí n tún rí i mọ́."

Ejìká Ọlátúbọ̀sún jinná, ṣùgbọ́n apá náà kò gbé sókè bó ti yẹ mọ́, kò sì lè fi gbé èrò mọ́. Oko ló ń ro báyìí, apá òsì ló sì fi ń roko. Monínúọlá ní bí òun bá ti rí i tó ń fi apá òsì gbé ọkọ́, ẹ̀rín tí òun rín lọ́jà máa ń dun òun.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá akódà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún ń kéde, ẹ dárúkọ igbá. Ẹ dárúkọ ìtì igi. Ẹ pe ohun gbogbo ní orúkọ tí àwa ń pè é." Akódà gbà, kò sì bínú.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń bá yín sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yin ará Adó, ẹ̀yin ará Ìjàn àti gbogbo abúlé tó wà létí odò, torí ọkọ̀ òfuurufú ń padà bọ̀. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ohunkóhun tó lè gbé èèyàn lójú omi kò gbọdọ̀ wọ odò: ì báà jẹ́ ọkọ̀ igi, ì báà jẹ́ igbá, ì báà jẹ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ yín fi ń ṣeré. Apẹja kò gbọdọ̀ lọ dẹ àwọ̀n. Ẹni tó fẹ́ fọṣọ, kó fọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò lè rí yín, ariwo rẹ̀ yóò sì já ọwọ́ yín kúrò lára ohun tó gbé yín dúró. Bí ó bá ṣèèṣì bá ẹnikẹ́ni lójú omi, kó má wòkè, kó má bo etí, kó di ohun tó dì mú mú gírígírí, kó sì kọrí sí etí odò tó súnmọ́ ọn jù. Bí ìkéde bá sì rú yín lójú, ẹ bi akódà kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá lè rìn dé afárá, ẹ gbé e sẹ́yìn, ẹ pọ̀n ọ́ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ ni kí ìyá yín ti wòran, kí ẹ lè jọ padà sílé.