Ọkọ Tí Kò Kúrò Nínú Dígí

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 1999 ni Bùsọ́lá, olùtọ́jú yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan l'Ókìtìpupa, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì bá òfìfo. Dígí tí Ọ̀gá Ọláwuyì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ni yàrá náà, ṣe ti lọ, tòun ti àpò rọ́bà tí gáàsì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Dígí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ dígí onígbàjámọ̀ o: bí gáàsì bá fẹ́ sí i, á mọ́ gaara bíi fèrèsé, bí gáàsì bá lọ, á tún di dígí.

"Nínú dígí méjì tí mo ṣe, èwo ló wà níbẹ̀ tí wọ́n jí?" Ọ̀gá bi í.

"Èyí tó ń dán jù, sà."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Olè náà gọ̀. Mi ò tẹ́ nǹkan kan tí yóò dáàbò bò ó sáàárín gíláàsì ìyẹn àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi kùn ún. Bó bá yí padà ní nǹkan bí ogún ìgbà, ó parí." Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Àmọ́ ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí mi ò bá rí i di ọjọ́ Ẹtì, ìwọ ni ọlọ́pàá máa mú."

Ní Ọjọ́rú, ìròyìn kàn án pé wòlíì tuntun kan ní Ìlútítun ń fi ọkọ han obìnrin nínú dígí, kẹ́ẹ̀gì epo kan sì ni owó ẹni kọ̀ọ̀kan. Bùsọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó wá Sájẹ́ǹtì Vincent lọ, ó ní kó wọ agbádá bo aṣọ ọlọ́pàá, àwọn méjèèjì sì há ara wọn sẹ́yìn ọ̀kadà kan.

Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà bí gbogbo ènìyàn, wọ́n wọlé. Bùsọ́lá wo wòlíì. Mákánjúọlá ni, kápẹ́ńtà tó tún kọ́bọ́ọ̀dù ṣe lóṣù tó kọjá.

"Ẹni mélòó ló ti rí ọkọ?" Bùsọ́lá bi obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá júwe tirẹ̀ á pàdánù rẹ̀. Ìyá Salome ló kàn."

Ìyá Salome, opó ẹni àádọ́rin ọdún, kúnlẹ̀. Wòlíì gbàdúrà, ó fún rọ́bà lábẹ́ aṣọ funfun. Dígí mọ́ gaara. Ọkùnrin onífìlà kan yọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i, Mama?"

"Mo rí i."

"Ó tó. Kó máa lọ."

Ọkọ kò lọ. Wòlíì fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí dígí, ó gbọ̀n ọ́n, ọkọ ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Wòlíì," Ìyá Salome sọ, "ó mà jọ yín."

Wòlíì fi aṣọ nu dígí náà kíkankíkan. Irin orí gíláàsì bó bí èèpo ẹ̀pà, fọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì já bọ́ síwájú ìyá. Fọ́tò Mákánjúọlá fúnra rẹ̀ ni. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ó fò gba fèrèsé, ó gbàgbé pé bàtà òun wà lẹ́nu ọ̀nà. Òkìtì èèpo ẹkùrọ́ ló sì wà lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹkùrọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló gbé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ pọ́ún-pọ́ún. Vincent kò tilẹ̀ sáré.

"Ta ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́?" Vincent bi í ní tẹ́ṣàn.

"Kò sẹ́ni. Pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni mi ò kàn níṣòó."

Ọ̀gá Ọláwuyì ti dé pẹ̀lú ìwé. "Ìgbà mélòó ló yí kó tó kọ̀?"

"Ogún, sà."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Níta, àwọn obìnrin ń ṣa kẹ́ẹ̀gì epo wọn, olúkúlùkù ń bú ọkọ kan náà.

"Èmi ńkọ́, sà?" Bùsọ́lá bi í.

Ọ̀gá ṣí fìlà. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀."

Bùsọ́lá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọlọ́pàá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.