Omi Tó Kù Nínú Ẹ̀rọ

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ kọnkéré wò, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré kan tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Èmi ọmọ bírikìlà tó ń fi ṣọ́bìrì po kọnkéré láti kékeré, ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

"Àǹtí, ṣé ọbẹ̀ lẹ̀ ń sè ni?"

"Ẹ wá wò ó ná kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo inú ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ irin inú rẹ̀ ń yí, sìmẹ́ńtì àti iyanrìn gbígbẹ ń wọnú ara wọn títí n kò fi mọ èwo lèwo mọ́. Ó da omi tó ti wọ̀n sí i, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Mo lanu, n ò lè pa á dé. Ìgbà tí mo gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, ara ẹni tó ń lò ó ni ojú mi bọ́ sí, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ tá a fi di olólùfẹ́, àmọ́ Bàbá mi fárí gá.

"Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń fi ojú wọn kọnkéré, ilé kan ò wó rí! Ọmọ tó ń fi agolo ṣeré ló fẹ́ di ìyàwó ilé mi?"

Àfi bí onílé kan ṣe ní dandan ni kí wọ́n yẹ àpòpọ̀ Bàbá wò ní yàrá àyẹ̀wò yẹn kóun tó gbé iṣẹ́ fún un. Bàbá ní, "Tí ọmọ yẹn bá fi lè dójú tì mí, o ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí mi mọ́."

Lọ́jọ́ tí olólùfẹ́ mi fẹ́ pò ó, mo tètè dé. Ìfẹ́ ń pa mí bí ọtí, mo bá a fọ ẹ̀rọ náà tónítóní.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, a gbé àwọn búlọ́ọ̀kù kékeré tó fi àpòpọ̀ náà ṣe sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń dán agbára wọn wò. Wọ́n fọ́ kí wọ́n tó dé ìwọ̀n tó yẹ. Ojú Bàbá pọ́n koko. Ìgbà náà ni mo rántí pé n kò nu ẹ̀rọ gbẹ lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́. Kọnkéré tí omi bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í lágbára.

Mo sọ ọ́ sí olólùfẹ́ mi létí. Ó wò mí, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Ẹ má bínú, sà. Àpòpọ̀ yín ò lẹ́bi. Omi ló kù nínú ẹ̀rọ, èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

N kò lè gbà á mọ́ra. "Bàbá, èmi ni mo fọ̀ ọ́!"

"Ẹ̀rọ mi ni," ló tún wí. "Èmi ló yẹ kí n wò ó."

Bàbá súnmọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Tún un pò. Mo fẹ́ wò ó."

A nu ẹ̀rọ náà gbẹ, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀, ó ń wo àpòpọ̀ tirẹ̀ bó ṣe ń yí.

"Háà," ló ń wí jẹ́jẹ́. "Ogójì ọdún, n ò rí inú iṣẹ́ ọwọ́ mi báyìí rí."

Lọ́jọ́ keje tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ tẹ búlọ́ọ̀kù tuntun, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọjá ìwọ̀n tá à ń wá dáadáa kó tó fọ́. Mo rò pé Bàbá á fò sókè, àmọ́ olólùfẹ́ mi ló yíjú sí.

"Ká ní o dákẹ́ lọ́jọ́sí, orúkọ mi ni ì bá bà jẹ́, tìrẹ ì bá mọ́. O ò dákẹ́." Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ìyàwó wa, ọjọ́ wo la lè wá kí àwọn ará ilé yín?"

Olólùfẹ́ mi wò mí, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ọ̀la, sà."