Àga Dẹ́ńmáàkì ní Ẹnu Ọ̀wá

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó wá sí Ẹnu Ọ̀wá, kó wá sọ ọ́ lójú mi. Ohun tí mo rí ni mo kọ.

Èmi Fọlákẹ́, àga ni mò ń kàn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Inú ìwé àtijọ́ kan ni mo ti rí àga àwọn ará Dẹ́ńmáàkì: ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn tó tẹ̀ bí apá ẹni tó fẹ́ gbáni mọ́ra, ìjókòó tí wọ́n fi okùn hun. Mo ní èmi náà á ṣe é, ṣùgbọ́n igi ìrókò tiwa ni màá lò, ìko tiwa ni màá sì fi hun ìjókòó ẹ̀. Àwọn káfíńtà àdúgbò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní opó ò rí iṣẹ́ ṣe.

Okùn tí wọ́n fi wọn òkú ọkọ mi, Augustine tí mò ń pè ní Austin, fún pósí ni mo fi wọn àga náà. Ó yẹ kí wọ́n sin ín pẹ̀lú ẹ̀. Èmi ni mo fi pamọ́. Bàbá Àbúdù, àgbà káfíńtà, kìlọ̀ pé okùn tó bá ti wọn òkú kì í wọn nǹkan míì. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ọ̀sán Sunday kan ni. Ìsàlẹ̀ Èkó dákẹ́. Ìko dún. Mo gbójú sókè. Ìjókòó àga náà ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ti rẹ̀ bá jókòó. Kò sí ẹnì kankan. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń gbóná bí ara èèyàn.

Ẹ̀rù ò bà mí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dá jẹun. Mo gbé oúnjẹ mi síwájú àga náà lójoojúmọ́, mò ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Angela, obìnrin tó ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà, fi dé láti Ìkòyí. Òun ló fẹ́ gbé àga náà lọ síbi àfihàn, pẹ̀lú orúkọ mi lára ẹ̀. Ọkùnrin méjì tó mú wá gbé e. Kò mì.

"Màmá, kí lẹ kì sínú ẹ̀?" ọ̀kan nínú wọn bi mí.

"Igi ni."

Wọ́n tún gbé e. Òógùn bò wọ́n. Angela wo aago, ó ní tí kò bá ṣeé gbé, àwọn á mú ti ẹlòmíì. Inú bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àga náà.

"Austin, dìde fún mi."

Ìko dún. Ìjókòó padà sókè. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ kan gbé e jáde.

Wọ́n ní orúkọ mi wà lára ògiri ní Ìkòyí. Mi ò lọ wò ó. Mo ti kan àga mẹ́rin míì, ìwọ̀n kan náà. Mo máa ń jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án, mo máa ń tẹ́tí. Wọn ò wọlẹ̀. Nígbà ayé ẹ̀, mo lè pe Austin títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dìde. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́.