Qaosarat Ní Kí Gbogbo Wọn Dákẹ́

Ẹ dúró ná. Ẹ má tíì ṣí ojú ìwé tó kàn. Ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú dáadáa. Kànga kan wà nínú ìtàn yìí, kò sì ní ìdérí.

Ó dáa. Ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra.

Qaosarat nìyí. Ọmọ ọdún méje ni. Ìkirè ni ilé wọn wà, lọ́nà tó lọ sí Àpòmù.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Tíṣà Obadiah kọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjì sójú pátákó.

Hear.

Listen.

"Hear, nǹkan wọ etí ẹ," ni Tíṣà wí. "Listen, o tẹ́tí sí i. Wọ́n jọra o, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

Qaosarat nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé kì í ṣe etí kan náà ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀!

"Elétí mẹ́rin!" ni Abdulmumin fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Tíṣà fẹ́ dáhùn. Agogo lù. Gbàǹ-gbàǹ-gbàǹ! Ó ti di ilé.

Qaosarat gba ilé ẹ̀rọ lọ. Ibẹ̀ ni Màmá ti ń lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gààrì.

Ẹ̀rọ ń ké. Gbùrù-gbùrù-gbùrù!

Bàbá Ògúnfẹ́yìmí ló ni ẹ̀rọ náà. Bàbá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Tí ẹ̀rọ bá kú, apá ni wọ́n fi ń yí i, yí i, yí i, kó tó jí.

"Qaosarat, Sùlè dà?" ni Màmá béèrè.

Sùlè ni àbúrò Qaosarat. Ọmọ ọdún méjì ni. Orí ẹní ló wà lẹ́ẹ̀kan.

Qaosarat wo orí ẹní. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló rí.

Sùlè ò sí.

Màmá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Sùlè ò sí.

Màmá wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Sùlè ò sí.

Màmá wo ọ̀nà kànga.

"Yéè! Sùlè mi o!"

Gbogbo ènìyàn sáré. "Sùlè!" "Sùlè o!" "Sùlè dà?"

Ìyá Sàlámọ̀tù, aládùúgbò wọn, ló ń pariwo jù. "Ẹ pè é sókè! Ẹ pè é kó lè gbọ́!"

Ẹnì kan tan iná fóònù sínú kànga. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Omi ń dán nísàlẹ̀. Wọn ò rí nǹkan mìíràn.

Etí Qaosarat kún.

Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ. Gbùrù-gbùrù!

Ó ń gbọ́ ọ̀kadà. Fààà!

Ó ń gbọ́ ẹkún Màmá.

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ohun kékeré kan dún. Ko.

Kí nìyẹn? Ariwo tún bò ó mọ́lẹ̀.

Qaosarat di aṣọ Bàbá Ẹlẹ́rọ mú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ̀rọ!"

"Kí n pa á kẹ̀? Ṣé ìwọ lo máa bá mi yí i? Apá ń dùn mí láti àárọ̀!"

"Ẹ bá mi pa á, Bàbá. Mo fẹ́ tẹ́tí!"

Bàbá Ẹlẹ́rọ rí i pé ọmọ náà ò fi aṣọ wọn sílẹ̀. Wọ́n pa á.

Gbùrù... gbù... gbù... Ẹ̀rọ dákẹ́.

Àwọn ènìyàn ò dákẹ́. "Sùlè o! Sùlè!"

Qaosarat gun orí bẹ́ǹṣì. Ọmọdé kì í ní kí àgbà panu mọ́. Qaosarat mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ dákẹ́!"

Ìyá Sàlámọ̀tù yíjú wìì. "Ta ni? Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ? Èmi lo ní kí n dákẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ dákẹ́, mà. Tí gbogbo wa bá ń pè é, tó bá wá dáhùn ńkọ́? Ta ló máa gbọ́?"

Ìyá Sàlámọ̀tù la ẹnu. Wọ́n tún pa á dé.

Màmá fọwọ́ bo ẹnu.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Qaosarat di ojú. Kò sáré. Kò pe Sùlè. Ó na etí bí ẹni ń na ọwọ́ wá nǹkan nínú òkùnkùn.

Kò sí nǹkan.

Ó dúró.

Kò sí nǹkan.

Ó tún dúró.

Ko. Ko-ko.

Kì í ṣe ọ̀nà kànga!

Ko-ko-ko.

"Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni!"

Ẹ̀yìn òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ni. Àgbá ńlá kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Àpò ẹ̀gẹ́ kan ti ṣubú dí ẹnu rẹ̀ pa.

Bàbá Ẹlẹ́rọ fa àpò. Hìn-ìn! Kò yí.

Wọ́n tún fà á. Hìn-ìn! Kò yí.

Màmá bá wọn fà á. Qaosarat bá wọn fà á. Hìn-ìn-ìn!

Àpò yí. Gbì!

Orí kékeré kan yọ. Òógùn bò ó. Ṣíbí tó fi ń lu àgbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Qao," ni Sùlè wí.

"Alihamudulilahi!" Màmá gbá a mọ́ra. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Sàlámọ̀tù fọwọ́ pa Qaosarat lórí. "Ariwo ẹnu tèmi yìí! Ọmọ mi, etí ẹ mà mú o."

"Kò mú ju tiyín lọ, mà," ni Qaosarat wí. "Ariwo ẹ̀rọ ló wá bá wa létí. Hear nìyẹn. Ti Sùlè, èmi ni mo wá a lọ. Listen nìyẹn."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Òyìnbó rèé!" ni Ìyá Sàlámọ̀tù wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Màmá gbé Sùlè fún Bàbá Ẹlẹ́rọ. Màmá àti Ìyá Sàlámọ̀tù lọ gbé pákó ńlá bo kànga. Gbàà!

Nígbà tí wọ́n padà dé, Sùlè ti sùn sí èjìká Bàbá Ẹlẹ́rọ. Qaosarat fi etí tì í lẹ́yìn. Fù... fù... fù.

"Bàbá, ẹ̀gẹ́ wa ṣì kù o," ni Ìyá Sàlámọ̀tù wí. "Ẹ tan ẹ̀rọ."

Bàbá Ẹlẹ́rọ ò mira.

"Bàbá! Ìgbà wo lẹ máa tàn án?"

Bàbá Ẹlẹ́rọ fi ìka kan lé ètè.