Wáyà Tí Ẹnu Rẹ̀ Wọ́

Páálí náà ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ṣájà nìkan ló ká jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí ẹgbẹ́ oníróbọ́ọ̀tì jiyàn lé lórí títí kí wọ́n tó rà á ti dàwátì. Ìdíje sì di ọ̀la.

Àṣà ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í dá ohun tuntun ṣí. Gbogbo ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ kàn án.

"Ọmọ Wẹ́dà ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí," ọ̀gá ilé-ìwé wí. "Bí a ò bá rí i lónìí, kó máa lọ bá bàbá rẹ̀ jó irin nílé."

Omi lé ròrò lójú ọmọbìnrin náà. Ó kọjú sí màmá àgbàlagbà tó bá ọ̀gá wá. "Màmá, orí ìṣó ni kọ́kọ́rọ́ náà máa ń wà. Gbogbo wa la ń mú un."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹkún kì í ṣílẹ̀kùn."

Màmá yìí, ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó gbé ṣájà wò. Olè tó fẹ́ tajà kò jẹ́ fi èyí sílẹ̀. Ńṣe lẹni yìí kàn fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù pòórá.

Ó yíjú sí wáyà tí wọ́n fi ń so róbọ́ọ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, tó wà lára ògiri. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n etí kan ti wọ́. Ojú ọgbẹ́ náà ṣì ń dán.

"Pípé ló wà lánàá," olùkọ́ wọn wí.

"Olùkọ́, ṣé ẹ fẹ́ràn láptọ́ọ̀pù yìí?" Màmá bi í.

"Rárá o. Èyí tó tóbi, tó nihò púpọ̀, ni mo ní ká rà. Mo ní wáyà wa ò ní wọ pẹlẹbẹ yìí. Wọ́n fìbò borí mi."

"Inú bí yín?"

"Ó bí mi. Ṣé n ó wá torí ọbẹ̀ fọ́ ìkòkò ni?"

"Ọmọ Wẹ́dà ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn olùkọ́ ni mo wà, Màmá. Ohun tó fẹ̀ ò lè wọ ihò tóóró."

Balógun, olórí ẹgbẹ́, rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Ẹni tí ò fẹ́ ẹ ló gbé e."

"Ìwọ lo yàn án?"

"Èmi ni. Ó fúyẹ́, ó yá níṣẹ́. Mo búra fún wọn pé wáyà á wọ̀ ọ́."

Màmá fi wáyà lé e lọ́wọ́.

"Ẹni tó mọ̀ pé kò ní wọ̀ kò ní tì í títí irin á fi wọ́. Ta ló wá nílò láti dán an wò níkọ̀kọ̀, kí gbogbo ọwọ́ tó kàn án? Àfi ẹni tó ti búra."

Balógun gbé wáyà náà sílẹ̀.

"Ó wà lábẹ́ àwọn táyà, nínú àpótí róbọ́ọ̀tì," ó wí. "Mo tì í, tì í, kò wọ̀. Bó bá sọnù, ẹ ó káàánú mi. Bẹ́ ẹ bá rí i pé kò wọ̀, ẹ ó fi mí ṣẹ̀sín."

"O wá ń wò bí wọ́n ṣe fẹ́ lé mi?" Ọmọ Wẹ́dà bi í.

Balógun lọ ṣí àpótí, ó gbé láptọ́ọ̀pù náà jáde.

Olùkọ́ tú báàgì rẹ̀. Ó yọ ohun ìsopọ̀ kékeré kan: ojú kan fẹ̀ bí ẹnu wáyà, ojú kejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ihò láptọ́ọ̀pù.

"Ọjọ́ tí ẹ borí mi ni mo ti rà á."

Balógun bojú. Ọmọ Wẹ́dà mú ẹ̀mú, ó tẹ́ wáyà sórí tábìlì láti nà án tọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Di ìdí ẹ̀ mú," ó sọ fún Balógun. "Má jẹ̀ẹ́ kó mì."