Ìràwọ̀ Onírù Lókè Ilé Bàbá Aláago

"Ta nìyẹn? Olè!"

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ayàwòrán tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fọ́tò ló dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá Aláago ní ìdájí, kámẹ́rà rẹ̀ wà lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí aránṣọ, ọmọbìnrin onílé, fi gbé báàfù aṣọ tútù yọ sí i lójijì.

"Olè wo ló ń gbé ẹrù gòkè wá? Bàbá yín ló fún mi láyè. Ẹ wo ọ̀hún."

Aránṣọ wò ó. Ìràwọ̀ kan wà níhà ìlà-oòrùn, funfun, ìrù rẹ̀ gùn.

"Ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà kó tó padà," Fọ́tò wí. "Tí àwọsánmà òru, èyí tí a kì í sábà rí níhìn-ín, tó máa ń tàn kí oòrùn tó yọ, bá lè bá a jáde, àwòrán kan yẹn ti tó mi láyé."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà? Ẹ jẹ́ kí n tètè sá aṣọ mi nígbà náà."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi ń pàdé níbẹ̀. Aṣọ tí kò dọ̀tí pàápàá, aránṣọ ń fọ̀ ọ́. Fọ́tò fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oorun ò kùn ún mọ́, àmọ́ kò tíì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń tijú; ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré, òrùlé rẹ̀ sì ń jò.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹwàá, aránṣọ sáré gòkè wá lọ́wọ́ òfo.

"Ìdílé dókítà òkè òkun tó fẹ́ fẹ́ mi máa pe Bàámi láago mẹ́fà, ó sì fẹ́ gbà fún wọn. Sọ̀kalẹ̀ wá bá a sọ̀rọ̀, olówó orí mi. Bàámi ò kórìíra rẹ. Kò kàn mọ̀ pé o fẹ́ mi ni."

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Fọ́tò ti ń tú kámẹ́rà nígbà tí àwọsánmà òru yọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń tàn yí ìràwọ̀ onírù ká.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ìfẹ́ mi. Jẹ́ kí n ya èyí."

"Ẹni tó lé eku méjì á pòfo o."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Aránṣọ wò ó títí, ó sọ̀kalẹ̀.

Márùn-ún di mẹ́wàá, mẹ́wàá di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí Fọ́tò fi máa kanlẹ̀kùn, Bàbá Aláago, tí aago títúnṣe jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ti gbé fóònù sílẹ̀. Fọ́tò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ lórí ìdúró.

"Ọmọ mi, kí ló dá ọ dúró?" ni bàbá náà bi í. "Ìyá rẹ̀ ní ẹnì kan ń bọ̀. Mo dúró títí aago fi lù. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti bọ́ lẹ́nu mi."

Ìyá ń fi etí aṣọ nu ojú. Aránṣọ ò jáde ní yàrá.

Àwòrán náà dára. Ìwé ìròyìn gbé e, àwọn ènìyàn ń kí Fọ́tò kú oríire. Á dáhùn pé "ẹ ṣé," á wá lọ sunkún lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Lóṣù kejì, aránṣọ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fọ́tò sáré dìde. Ó rò pé ó ti padà wá bá òun ni.

"Pásípọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ yà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gba ìwé tí mo fẹ́ fi lọ bá dókítà."

Fọ́tò gbé àga síwájú aṣọ funfun, ó tan iná. Ohun tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà náà ló sọ.

"Wojú mi. Rárá, wo kámẹ́rà. Má rẹ́rìn-ín."

"Ta ló fẹ́ rẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yà á kó tó rí èyí tí omijé ò sí lójú aránṣọ.